Èló Ni Ayò Ń Mú Wọlé?

Bàbá mi ti fún mi ní gbèdéke. Wọ́n ní tí sáà yìí bá ti parí, páálí tó wà lábẹ́ ibùsùn mi gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé, nítorí pé ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa ṣe ìdánwò WAEC, àti pé ọmọ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì kì í jókòó ti bèbí. Bí wọ́n ṣe pè é nìyẹn, bèbí. N kò bá wọn jiyàn lójú ẹsẹ̀, nítorí àwọn ló bí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ wa sọ pé àròkọ alárìíyànjiyàn ni ìdíje yìí ń fẹ́, mo ti mọ ohun tí mo máa jiyàn lé lórí, mo sì mọ ẹni tí mo fẹ́ kó kà á.

Ohun tó wà nínú páálí náà nìyí: ère kéékèèké 41, kò sí èyí tó ga ju ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ. Sójà oníke ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ máa rí irú wọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìṣeré òkìríkà. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń kó wọn sí, owó wọn kò sì pọ̀. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí ọ̀dà lè dì mọ́ wọn lára. Mo máa ń fi réésà gé ìbọn ọwọ́ wọn dànù, kí n tó fi tíṣù àti gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ṣe gèlè, ìró, agbádá tàbí fìlà sí wọn lára. Tó bá gbẹ, mo máa kùn ún. Sójà tó ń ju bọ́ǹbù ti di ìyá alákàrà. Èyí tó dojú bolẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ti di mẹkáníìkì tó ń yọjú wo abẹ́ mọ́tò. Àwọn ará àdúgbò wa ni mo ń kùn, ní Ìbàdàn níbí.

Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé kí a kàn ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà ni. Rárá o. A máa kọ́kọ́ lẹ ère náà mọ́ orí ìdérí ìgò kí ọwọ́ má baà máa kàn án. A ó fi ọ̀dà funfun fẹ́lẹ́ kùn gbogbo ara rẹ̀, a ó sì jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà la máa wá fi omi là ọ̀dà tí a fẹ́ lò gan-an, nítorí pé kí a kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sàn ju kí a kùn ún kí ó ki lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ki máa ń bo imú àti ẹnu mọ́lẹ̀ ni. Tí ìyẹn bá tún gbẹ, a ó po ọ̀dà dúdú tó ṣàn bí omi, a ó jẹ́ kó ṣàn wọ inú ibi tí aṣọ ti ṣẹ́po, kó lè dà bí òjìji. A ó wá mú búrọ́ọ̀ṣì tí a ti nù títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, a ó fi ra orí àwọn ibi tó yọ síta, kó lè dà bíi pé oòrùn ń ràn sí wọn. Ojú ló máa ń kẹ́yìn, òun ló sì le jù: funfun lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀kán dúdú kan ṣoṣo tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Mo máa ń di èémí mú tí mo bá fẹ́ kán an. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa kun ojú kan ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, tí ìyá náà á ṣì máa wò kọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lówó.

Kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní sáà tó kọjá, ẹ̀wà jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá mi ló gbé e kaná kí wọ́n tó lọ sí ọjà Bódìjà, wọ́n ní kí n máa bomi sí i. Mo ń kun etí ìró kan lọ́wọ́, mo ní kí n parí ìlà yìí ná, kí n parí ìlà yìí ná. Òórùn ló wá pè mí. Gàrí ni àbúrò mi mu sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ìdí ìkòkò yẹn kò sì tíì mọ́ tán títí di òní. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ gbèdéke ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì lè sọ pé bàbá mi kò rí ohun tí wọ́n ń wí. Láti ìgbà náà, n kì í ṣí páálí mi àfi tí mo bá ti fọ abọ́ alẹ́, tí àbúrò mi ti sùn, tí mo sì ti parí iṣẹ́ àmúrelé. Wákàtí kan ni lálẹ́ Jímọ̀, wákàtí kan lálẹ́ Sátidé. Tí wọ́n bá mú iná lọ, mo máa ń lo tọ́ọ̀ṣì.

Wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Ohun tí à ń fà nìyẹn.

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tó kàn yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀yin àti Bàbá Kẹ́hìndé máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, ẹ máa ń ta ayò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi ni mo máa ń gbé ọpọ́n jáde fún yín. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni bi yín pé èló ni ayò ń mú wọlé. N kò gbọ́ kí ìyá mi sọ pé ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé kì í jókòó ti ọpọ́n. Tí ẹ bá ti di ọ̀ta, tí Bàbá Kẹ́hìndé di òpè, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ohùn yín máa ń yí padà. Ẹ máa ń dà bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó láyé. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, inú mi sì máa ń dùn. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ máa ń tún padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó rò pé ayò ti ba ayé yín jẹ́. Bí mo ṣe ń wo ọpọ́n yín ni mo fẹ́ kí ẹ máa wo páálí mi.

Ẹ ó ní àgbà ni yín, ọmọdé ni mí, àti pé eré ọmọdé ni tèmi. Ṣé ẹ mọ̀ pé àgbàlagbà ló pọ̀ nídìí eré yìí? Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti lé ní ẹni 40 ọdún nígbà náà, kọ odindi ìwé kan, Little Wars, lórí bí èèyàn ṣe lè fi àwọn sójà kéékèèké ṣeré lórí ilẹ̀ yàrá. Ilé iṣẹ́ kan wà ní ìlú Nottingham báyìí, Games Workshop, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1975. Ère kéékèèké àti ọ̀dà tí a fi ń kùn wọ́n ni ọjà tí wọ́n ń tà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Ọba ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Ó ti bímọ méjì. Ó ní tí òun bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, oorun kì í kun òun, òun á kun aṣọ ìlékè ère kan títí ara òun á fi wálẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní ọmọdé nílé wa. Bùrọ̀dá tó wà ní òkè òkun ni gbogbo wa ń pè é.

Àwọn mìíràn á ní tí kì í bá ṣe eré ọmọdé, àṣà òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ ti gbọ́ nípa Thomas Ona Odulate? Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, Èkó ló ti ṣiṣẹ́, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí. Ó máa ń gbẹ́ ère igi kéékèèké: ajẹ́lẹ̀, lọ́yà, òyìnbó tó fi páìpù sẹ́nu, àní Ọbabìnrin Victoria pàápàá. Kò ra ọ̀dà olówó ńlá. Yíǹkì dúdú, yíǹkì pupa àti póliṣì bàtà funfun ló fi ń kùn wọ́n, á sì fi ibi tó bá yẹ sílẹ̀ ní àwọ̀ igi. Àwọn òyìnbó rò pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé bí òun ṣe rí wọn lòun ṣe gbẹ́ wọn. Lẹ́yìn ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ dé Ọ̀wọ̀, kí ẹ bèèrè Justus Akeredolu, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún ara igi gbẹ́ ère tó kéré tó ìka, ní àwọn ọdún 1930. Tó bá jẹ́ pé ohun kékeré kò bá àṣà wa mu, ta ló wá kọ́ àwọn wọ̀nyí?

Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀. Ẹ ó ní Odulate ń tà á ni. Òótọ́ ni, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an nìyí, nítorí pé àwọn tó ní kí n dá a dúró kò dà mí láàmú tó àwọn tó ní kí n máa tà á.

Lọ́dún tó kọjá, àǹtí mi kan tó ń gbé Èkó wá kí wa. Wọ́n rí àwọn ère náà, wọ́n ní, "Háà! Owó lo fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn yìí!" Wọ́n ya fọ́tò mẹ́rin, wọ́n gbé e sórí WhatsApp. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi ní òun fẹ́ 20 tí òun máa tò sórí kéèkì ọjọ́ ìbí. Ọmọge 20, gèlè pupa kan náà, bùbá funfun kan náà, ẹ̀rín kan náà. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Nígbà tó fi máa di ìkẹrìnlá, n kò wo ojú wọn mọ́, mo kàn ń kán dúdú sí i ni. Obìnrin náà ní wọ́n dára. Ó san ìdajì, ó ní ìyókù ń bọ̀. Ó ṣì ń bọ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn mí. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, n kò lè fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá ṣí páálí, ojú 20 yẹn ni mo máa ń rí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Ní alẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, mo jókòó títí di aago 12 òru, ilé ìwé sì ń dúró dè mí láàárọ̀. Bàbá mi kò bá mi wí. Wọ́n ní kí n rọra ṣe kí ojú mi má baà máa dùn mí, wọ́n sì bá mi ra bátìrì tuntun sí tọ́ọ̀ṣì! Ọ̀dà kan náà ni, ibùsùn kan náà ni mo jókòó lé, ìwé kan náà ni n kò kà. Nítorí pé wọ́n ní owó ń bọ̀, bèbí di iṣẹ́. Tí ó bá jẹ́ pé ìwé kíkà mi ló ń ká wọn lára, ṣé kì í ṣe alẹ́ mẹ́rin yẹn ló yẹ kí wọ́n bínú?

Olùkọ́ mi kan tó fẹ́ràn mi gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ ọ́ síbí pé ère kíkùn ń ran ẹ̀kọ́ mi lọ́wọ́, pé ó ń jẹ́ kí n ní sùúrù sí ìṣirò. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́. Bí mo ṣe ń ṣe nínú ìṣirò tẹ́lẹ̀ náà ni mo ṣì ń ṣe. Tí mo bá fi irọ́ gba páálí mi sílẹ̀ lónìí, ọjọ́ tí èsì ìdánwò kan kò bá dára ni wọ́n máa gbà á padà. Ohun tí mo lè fi ẹnu mi sọ ni pé n kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni tàbí ọmọ kíláàsì ẹnikẹ́ni láàárín wákàtí yẹn. Àti pé mo ti ń wo àwọn èèyàn dáadáa. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìyá mi máa ń tẹ̀ sí ọwọ́ òsì tí wọ́n bá gbé igbá, àfi ìgbà tí mo fẹ́ kùn wọ́n. Nígbà tí mo fi ère náà hàn wọ́n, wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sódò, wọ́n ní, "Ṣé bí ìdí mi ṣe tóbi tó nìyí?" A rẹ́rìn-ín títí àbúrò mi fi jí. Láti alẹ́ yẹn, ìyá mi máa ń wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi lálẹ́ Sátidé, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọn kò sì ní sọ ohunkóhun.

Ìkejìlélógójì àti ìkẹtàlélógójì ló wà lórí ìdérí ìgò báyìí. Àgbàlagbà méjì ni, wọ́n jókòó, ọpọ́n ayò sì wà láàárín wọn. Igi áísìkiriìmù ni mo fi ṣe ọpọ́n náà, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò 12 sí i. Ọmọ ayò 48 ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀kán àwọ̀ eérú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ti parí ihò márùn-ún. Ó ku ihò méje, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì kí sáà parí. N kò tíì kun fìlà ẹni tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún. Mo fẹ́ bi wọ́n bóyá èyí aláwọ̀ ewé ni wọ́n fẹ́ tàbí èyí tí wọ́n dé lọ sí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá bèèrè, wọ́n á bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.