Oúnjẹ Olówó Pọ́ọ́kú Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ìyà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe." Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé oúnjẹ tí kò bá wọ́n kò lè dára, àti pé ìpanu tí a kò bá rà ní ìsọ̀ kò yẹ àwọn ọmọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá mọ ọgbọ́n lílo ọkà lè fi owó díẹ̀ bọ́ ẹbí rẹ̀ yó, kí ó sì fi ìyókù ṣe ìpanu aládùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí a dé orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, níbi tí a ti kọ́kọ́ gbin àgbàdo ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, kí ó tó la òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Òun ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní tọ́tíyà. Wọn a se àgbàdo gbígbẹ nínú omi tí wọ́n po ìyẹ̀fun òkúta sísun kan mọ́. Cal ni wọ́n ń pè é. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọn a sì yan án lórí àwo amọ̀ tàbí irin gbígbóná. Kò gba ẹyin, kò gba súgà. Ẹ̀wà àti ata lílọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi jẹ ẹ́, ó sì ń yóni.

Èkejì, oúnjẹ yìí ń ṣe ara lóore. Cal náà máa ń tú èròjà kan sílẹ̀ nínú àgbàdo tí ara ìbá má rí gbà dáadáa. Ẹ̀wà náà ní èròjà tí kò pọ̀ tó nínú àgbàdo. Ìdí nìyí tí àdàlú tiwa náà fi dára.

Ẹ̀kẹta, wọn kì í fi oúnjẹ ṣòfò. Tọ́tíyà àná tí ó ti le, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a dín in nínú òróró, ó di ìpanu. Bí wọ́n bá fi ọbẹ̀ tòmátì rẹ ẹ́, ó di oúnjẹ àárọ̀. Bí wọ́n bá bu súgà díẹ̀ lé e, inú ọmọdé a dùn. Àwọn ìyá wa náà mọ irú ọgbọ́n yìí: àgbàdo yíyan tí a lọ̀ kúnná, epo pupa, iyọ̀ àti ata díẹ̀, àádùn ti délẹ̀.

Àwọn kan lè jiyàn pé ọkà pàápàá máa ń wọ́n. Òótọ́ ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ́de ní olú-ìlú Mẹ́síkò nítorí pé owó tọ́tíyà lọ sókè. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọjà bá wọ́n gan-an ni ọgbọ́n yìí ń wúlò jù. Ẹni tí ó ra ìpanu inú ọ̀rá san owó ọkà, ó san owó iṣẹ́, ó tún san owó ọ̀rá. Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ilé ìdáná ń gba àkókò. Bí tọkùnrin tobìnrin bá pín in ṣe, kò ní pẹ́. Kò sí èèwọ̀ nínú kí ọmọkùnrin lọ ata.

Ní ọdún 2010, àjọ UNESCO fi oúnjẹ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò kún àwọn àṣà tí ó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Bí oúnjẹ àgbàdo bá lè gba irú ọlá yìí, kí ni a ń tijú sí?

Ní ìparí, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó jáde ní ilé-ìwé, ẹ kọ́ oúnjẹ kan àti ìpanu kan lọ́dọ̀ àwọn òbí yín. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ebi kò ní tètè rí i mú.