Ara Ọmọ Ń Gbóná, Ọjà Ń Pè: Ta Ni Yóò Jókòó Ti Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré tí ọ̀fìnkìn líle mú ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní flu. Ara ọmọ á máa jó bí iná, imú á máa ṣomi, ikọ́ á máa gbọ̀n ọ́n, kò sì ní fẹ́ jẹun. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, bí ọmọ yàrá iwájú bá wúkọ́ lónìí, kò ní pẹ́ tí ọmọ yàrá ẹ̀yìn yóò fi dá a lóhùn.

Àrùn yìí kì í ṣe àlejò ní Èkó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi tó ti Gold Coast bọ̀, ìyẹn Gánà òde òní, ló gbé e wọ èbúté wa. Àwọn baba wa pè é ní lúkúlúkú. Ẹ̀rù ba ará ìlú: àwọn kan gbé aláìsàn wọn pamọ́ fún òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń wọ ilé kiri, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò nílùú, wọ́n gbé àrùn náà dání lọ sí òkè. Kò sí àjẹsára rẹ̀ nígbà náà, kò sì sí oògùn tó lè pa kòkòrò rẹ̀. Ohun tí aláìsàn lè rí gbà kò ju omi, oúnjẹ fífẹ́lẹ́ àti ẹni tí yóò jókòó tì í lọ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, síbẹ̀ ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ náà ṣì ni oògùn àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni à ń ṣe bí ara ọmọ bá gbóná? Ìyá ní láti tètè dé ọjà Balógun kí oníbàárà tó kọjá. Kò ráyè. Ó yà sí kẹ́míìsì, ó ní kí wọ́n bá òun po oògùn pọ̀. Wọ́n á kó oògùn ikọ́, oògùn ibà, Ampiclox àti èyí tí yóò jẹ́ kí ọmọ sùn sínú ọ̀rá kan. Ọmọ á sùn, ìyá á ní ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹ gbọ́, ará: fáírọ́ọ̀sì ló ń fa flu, Ampiclox kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Oorun tí oògùn fà kì í ṣe ìwòsàn. Ó lè bo ewu mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ kò fi ní ká a mọ́. Láti 2008 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé kí a má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tí a ń rà fúnra wa.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní 2008, májèlé kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol wọ inú My Pikin, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí. Ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́. Ọmọ tó lé ní 80 ló kú. Ní 2022, irú májèlé kan náà wà nínú oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tí wọ́n kó láti Íńdíà wọ Gáḿbíà. Nǹkan bí 70 ọmọ ló bá a lọ. Ní oṣù kejì 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa nítorí ayédèrú oògùn. Ìdúmọ̀tà kò jìnnà sí wa. Ẹnu ọ̀nà wa ni.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ máa fún ọmọ ní omi díẹ̀díẹ̀, léraléra. Kí ọmọ ọmú mu ọmú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ògì mímu àti omi ọbẹ̀ dára fún èyí tó ti ń jẹun. Ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn kúrò lára rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má jẹ́ kí èéfín jẹnẹrétọ̀ dé ibi tó wà. Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní paracetamol, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi ìwọ̀n ọmọ ṣírò rẹ̀. Ẹ má fún ọmọ tí flu mú ní aspirin láé. Ó lè ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin. Níwọ̀n bí ibà ẹ̀fọn sì ti wọ́pọ̀ láàárín wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má máa méfò.

Ẹ̀yin màmá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rọ ọmọ tó ń wúkọ́ ní àgbo. Ó lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí gìrì bá gbé e, ẹ má fi ṣíbí há a lẹ́nu, ẹ má na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, ẹ má sì fún un ní àgbo onítọ̀ màlúù. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, bí ó bá ti rọlẹ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Ẹ máa wo àyà ọmọ, kí ẹ ka mímí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì bá mí tó 60, tí ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá mí tó 50, tàbí tí ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin mí tó 40, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú, bí kò bá lè mu nǹkan, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tó mu, tàbí tí a ń jí i tí kò jí dáadáa. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ara gbígbóná nìkan ti tó láti gbé e lọ.

Kò sí ẹni tó ní kí a má gbàdúrà. Nínú àjàkálẹ̀ 1918 yẹn náà ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye dìde ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n ń fi àdúrà bá àìsàn jà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí obìnrin ará Ṣúnémù: nígbà tí ọmọ rẹ̀ kígbe orí, orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà jókòó sí títí di ọ̀sán, nígbà tí ọ̀ràn náà sì le, kò fi ìrìn rẹ̀ falẹ̀. Ìgbàgbọ́ ní ẹsẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ òdodo. Láti 2014 ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó bímọ ti ń gba ìsinmi oṣù mẹ́fà. Ìyá tó ń ta ata létí ọ̀nà kò ní ẹyọ ọjọ́ kan. Ọjọ́ tí kò bá tajà, ebi ni. Ṣé òun ni a ó wá dá lẹ́bi pé ó ra oògùn oorun? Ìjọba dáwọ́ lé títún ilé ìwòsàn ọmọdé ti Massey Street kọ́ sí oníbẹ́ẹ̀dì 150, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì kì í wo ọmọ. Dókítà àti nọ́ọ̀sì tó pé ló ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè wọn.

Kí àwa náà sì ṣe tiwa. Ẹ̀yin baba, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ bá ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn ta ọjà rẹ̀, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ, ẹ yan ẹni méjì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí yóò lè jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ, kí ẹ sì dá owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ̀ àti àyẹ̀wò. Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń tọ́ ọ. Ọmọ wo ló ń wúkọ́ nínú àgbàlá yín lónìí? Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ kó tó jáde lọ sọ́jà.