Ẹgbẹ́ Òṣèlú Ni Ó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Àwọn Obìnrin

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó tó gbé yẹ̀ wò. Bí a bá pe ìpàdé ní wọ́ọ̀dù, àwọn obìnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé. Àwọn ni wọ́n ń dáná, àwọn ni wọ́n ń dá orin, àwọn ni wọ́n ń kó ará ọjà jáde lọ́jọ́ ìdìbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá jókòó láti fa ẹni tí yóò lọ sí ilé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, orúkọ ọkùnrin ni ó ń jáde. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó, obìnrin ní ń bá yín ru ẹrù láti oko, òun ní ń sá kòkó, òun ní ń ṣa ìdọ̀tí inú rẹ̀. Bí ẹ bá wá lé e kúrò ní ìdí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ títà, ṣé òdodo ni ẹ ṣe?

Àwọn kan ń wí pé àṣà Yorùbá ni ó fi obìnrin sẹ́yìn. Irọ́ ni. Ní Ìbàdàn àtijọ́, Ìyálóde a máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ àwọn olóyè. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó kú ní 1874, wà lára wọn. Ní 1864, àwọn Ẹ̀gbá fi Tinúbú jẹ Ìyálóde, nítorí akitiyan rẹ̀ nígbà tí ogun Dàhòmì dé bá Abẹ́òkúta. A kò wí pé ẹni mímọ́ ni wọ́n. Ẹrú ni wọ́n fi ro oko wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn balógun ìgbà náà ti ṣe. Ohun tí a ń wí ni pé a kò torí pé wọ́n jẹ́ obìnrin lé wọn kúrò níbi tí a ti ń dámọ̀ràn ìlú.

Ìjọba òyìnbó ni ó dé tí ó gbé agbára lé ọba àti àwọn ọkùnrin lọ́wọ́, tí ó sì ń gba owó-orí lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà láìfún un ní àyè ìjókòó. Nítorí èyí ni Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí rẹ̀, fi dìde ní 1947. Wọ́n yí ààfin ká, wọ́n kọrin, wọ́n kọ̀ láti san owó-orí. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a dá owó-orí àwọn obìnrin dúró, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Kí ni ẹgbẹ́ òṣèlú fi san oore náà? Ní 1947, Ìyáàfin Ransome-Kuti ni obìnrin kan ṣoṣo nínú àwọn aṣojú tí NCNC rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1959, ẹgbẹ́ kan náà kọ̀ láti fà á kalẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀. Ó dá dúró, kò sì wọlé. Kì í ṣe àwọn Ẹ̀gbá ni ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni. Àwọn Action Group ṣe dáadáa jù wọ́n lọ díẹ̀. Ní 1960, Ìyáàfin Wúràọlá Ẹ̀sán di obìnrin àkọ́kọ́ ní ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, ṣùgbọ́n yíyàn ni a yàn án sí Sẹ́nétì.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, Ìyáàfin Sarah Jibril bá àwọn ọkùnrin du ìfàkalẹ̀ fún ipò Ààrẹ nínú ẹgbẹ́ PDP. Ìbò 1 péré ni ó ní. Àwọn ẹlẹ́gàn ní obìnrin ni ọ̀tá obìnrin. Rárá o! Ẹni tí baba ìsàlẹ̀ bá fi ṣe aṣojú, ìbò baba ìsàlẹ̀ ni yóò dì, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin.

Ní 2022, ẹgbẹ́ APC ní òun fi fọ́ọ̀mù ìfàkalẹ̀ ta àwọn obìnrin lọ́rẹ. Ẹ̀tàn ni. Obìnrin tí ó bá fẹ́ ipò Ààrẹ ṣì ní láti san ₦30 mílíọ̀nù fún fọ́ọ̀mù ìfìfẹ́hàn, kò sì sí aṣojú kan tí a ní kí ó dìbò fún un. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni èyí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún náà gan-an, àwọn aṣòfin l'Ábùjá da àbá ìjókòó àfikún fún àwọn obìnrin nù. Nígbà tí a ka ìbò 2023 tán, obìnrin 3 ni a kéde nínú àwọn Sẹ́nétọ̀ 109. Ilé-ẹjọ́ ni ó sọ wọ́n di 4. Títí di ìdìbò náà, ìpínlẹ̀ kan kò tíì dìbò yan obìnrin ṣe gómìnà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 42, kọ̀ fún wa láti torí akọ tàbí abo rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ!

Kí ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kí a má ṣe tún fi oyè «Olórí Àwọn Obìnrin» nìkan dí wọn lẹ́nu. Kí obìnrin jẹ alága, akọ̀wé àti akápò ní wọ́ọ̀dù, nítorí níbẹ̀ ni a ti ń yan àwọn aṣojú. Èkejì, kí ẹgbẹ́ ti kéde àwọn àgbègbè tí obìnrin nìkan yóò ti du ìfàkalẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe dáná ìpàdé kan mọ́ títí ẹ ó fi gbọ́ orúkọ obìnrin nínú àwọn tí a fà kalẹ̀. Bí àwọn ọkùnrin bá bínú, kí wọ́n wá dáná fúnra wọn.

Ẹgbẹ́ tí ó ń pariwo òmìnira níta, tí ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀ nínú ilé, òmìnira wo ni ó fẹ́ fún ìlú?