Igbó tí a kò dé mọ́, ẹlòmíràn ló ń gbé e

Bí ẹ bá ṣí fóònù yín ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ ó rí wọn: àwọn ọ̀dọ́ láti Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, báàgì lẹ́yìn, kànfáàsì lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń ya fọ́tò lórí òkè Ìdànrè tàbí lábẹ́ omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Hiking ti di fàájì tuntun, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ ibi tí géètì àti tíkẹ́ẹ̀tì wà ni fọ́tò yẹn ti ń wá. Àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà láàárín àwọn òkè wa ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà tó bá sì kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì mọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Ògòtún-Èkìtì. Ẹní híhun ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ìlú náà mọ́. Kò jìnnà sí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni omi Arinta ní Ìpólé-Ìlóro, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Òkè ló kún gbogbo àgbègbè yìí. Kí mọ́tò tó dé, ẹsẹ̀ ni àwọn bàbá wa fi ń rìn ín, tàwọn ti ẹrù lórí.

Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró, mo gba ẹ̀yìn Ògòtún gòkè lọ. Mo dá lọ ni, torí mo fẹ́ mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí fún ẹni tí kò ní ẹnì kejì, bí àgbẹ̀ ṣe ń dá lọ sóko. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo gbéra. Mo ti sọ fún baálé ilé tí mo sùn sí pé bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù tí wọn ò rí mi, kí wọ́n ké sí àwọn ọdẹ.

Wákàtí kan ààbọ̀ àkọ́kọ́ dùn ún rìn. Abẹ́ kòkó ni, ilẹ̀ mọ́, àwọn àgbẹ̀ ń kí mi. Bàbá kan bi mí pé, “Ìwọ nìkan?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Wọ́n wo àdá ọwọ́ mi, wọ́n ní, “Ibi tí kòkó bá parí sí, ibẹ̀ ni ọ̀nà parí sí o.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí mo ṣe kọjá igi kòkó tó kẹ́yìn báyìí, Akíntọ́lá-ta-kú ló kò mí lójú, ó ga jù mí lọ. Ẹ mọ koríko yẹn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ilẹ̀ tí àgbẹ̀ bá sì pa tì ló fẹ́ràn. Òkúta tó ń yọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò rí ibi tí mò ń tẹ̀. Wèrèpè kàn mí lọ́rùn. Igi ńlá wó dí ojú ọ̀nà, bí mo bá sì yà fún un, ó máa ń pẹ́ kí n tó tún rí ipa ọ̀nà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi rin ibi tí mo rò pé kò ju kìlómítà méjì lọ. Omi mi wá ku ìdajì, mo sì yí padà. Bí mo ṣe ṣètò rẹ̀ láti ilé nìyẹn: omi dé ìdajì, ó di ilé.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ejò. Nínú wákàtí mẹ́ta yẹn, mi ò rí ipasẹ̀ èèyàn kan ṣoṣo. Bí mo bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, ta ló máa gbọ́ igbe mi?

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Appalachian Trail. Ó gùn tó kìlómítà 3,500, ọdún 1937 ni wọ́n là á parí. Àwọn ẹgbẹ́ tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣán an, tí wọ́n sì ń fi ọ̀dà funfun sàmì sára igi. Síbẹ̀, ní oṣù keje ọdún 2013, obìnrin ẹni ọdún 66 kan tó ń dá rìn yà sínú igbó ní ìpínlẹ̀ Maine láti lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì rí ọ̀nà padà. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀, kò lọ, torí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó wà láàyè nínú igbó fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n ń tọ́jú, kí la fẹ́ sọ nípa èyí tí ẹnikẹ́ni ò ṣán?

Tiwa tún ju ìṣìnà lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n yìnbọn pa ọba méjì ní Èkìtì. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré-Èkìtì. Látìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ ká pé, “Ẹ jẹ́ kí igbó bo àwọn ọ̀nà yẹn, kí ajínigbé má baà rí ibi gbà.” Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, mi ò sì bá wọn wí. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Ajínigbé ò nílò kí a bá òun ṣán ọ̀nà, inú igbó gan-an ló fẹ́ wà. Àwọn tí igbó ń dí lọ́wọ́ ni àgbẹ̀, ọdẹ, àti Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà wa dá sílẹ̀ ní ọdún 2020. Ẹni tó ń kọjá lójoojúmọ́ ló máa ń mọ̀ pé iná tí wọ́n dá síbí yìí kì í ṣe ti ará ilé. Bí kò bá sí ẹni tó ń kọjá, ta ló fẹ́ rí i?

Owó ló sì ń ṣí ọ̀nà. Ní ọdún 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ta ló ń bẹ àgbẹ̀ kó tó ṣán abẹ́ kòkó rẹ̀? Ohun tó bá ń mówó wọlé kì í pẹ́ nínú igbó. Kí ìjọba ìbílẹ̀ gba àwọn ọmọ ìlú àti ọdẹ síṣẹ́, kí wọ́n máa ṣán ọ̀nà òkè lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí wọ́n kun ọ̀dà sára igi, kí ìwé wà nísàlẹ̀ òkè tí ẹni tó ń gòkè máa kọ orúkọ àti àkókò tó fẹ́ padà sí. Kí owó tí àlejò bá san sì wọ àpò ìlú. Owó àdá àti owó iṣẹ́ lèyí, kì í ṣe owó afárá.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra àtilọ, àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ kó ara yín jọ lọ. Ẹ kí àwọn àgbà ìlú kí ẹ tó gòkè. Ẹ mú ọmọ ìlú kan dání, kí ẹ sì san owó rẹ̀ fún un láìdúnàádúrà. Ẹsẹ̀ tiyín náà wà lára ohun tí kò ní jẹ́ kí ọ̀nà dí. Kìlómítà márùn-ún péré ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Ògòtún kí òjò tó tún dé, ká wá wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ sá kúrò nínú igbó.