Ádámù Kọ́ Ló Kówó Àjọ Jẹ

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kọ "Àmín" sísàlẹ̀ kí ẹ sì kọjá. Ẹ kà á délẹ̀, kódà tó bá bí yín nínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a pe arákùnrin kan nínú ìjọ jókòó. Alájọ ni. Owó àwọn ìyá tó ń tajà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ti ná an tán. A ò ní dárúkọ ẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé a máa kọ ọ́. Ìyá oníṣu kan nínú wọn ń retí owó yẹn láti fi san owó ilé ìwé ọmọ. A rò pé ó máa sunkún, tàbí kó tiẹ̀ purọ́ fún wa. Rárá o. Ńṣe ló yọ fóònù, ó fi ìwàásù kan hàn wá, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ rí i, òkú lèèyàn nínú ẹ̀ṣẹ̀. Òkú ò sì lè dáhùn. Ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ló ń bá mi jà. Ọjọ́ tí Ọlọ́run bá fún mi lóore-ọ̀fẹ́, màá ronú pìwà dà."

Mọ́mì ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Ádámù yìí, ṣé òun ló ń bá ọ gba owó kiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀?"

A ò rẹ́rìn-ín, torí kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀rọ̀ yìí ti di àrùn láàárín wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òtítọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí wà. Sáàmù 51 sọ ọ́, Róòmù 5 sọ ọ́, ẹni tó bá sì ti tọ́mọ rí mọ̀ ọ́n. Ta ló kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta láti purọ́ pé òun kọ́ lòun mú ẹran inú ìkòkò? Nígbà tí Pelagius ń kọ́ni pé èèyàn lè fi agbára ara ẹ̀ ṣe rere délẹ̀, Augustine, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n bí ní 354 ní ibi tó ń jẹ́ Àlùjíríà lónìí, ló ko ó lójú. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage ní 418 sì dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi. Àwa náà ò sí lẹ́yìn Pelagius. Ẹni tó bá ń wàásù pé "ṣáà pinnu, wàá di ẹni mímọ́" ń tan yín ni.

Ẹ̀yin Ẹ̀gbá, ẹ mọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Láyé àwọn baba ńlá wa, bàbá á yáwó, á fi ọmọ ẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ọmọ ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka owó náà, síbẹ̀ oko olówó ló ń ro. Iṣẹ́ tó ń ṣe ò dín gbèsè kù rárá, èlé lásán ló jẹ́. Àfi kí ẹlòmíràn wá sanwó. Ohun tí Ádámù ṣe fún wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sanwó tán, tí wọ́n ránṣẹ́ sí ìwọ̀fà pé "máa bọ̀ nílé", tó wá lóun ò lọ, pé gbèsè bàbá òun ló de òun mọ́lẹ̀, ta lẹ máa bá wí? Gbèsè ti tán. Òun ló fẹ́ràn oko olówó.

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Nígbà tó dé inú ọkọ̀ ẹrú, kò sóhun tó lè ṣe fúnra ẹ̀. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló dá wọn dúró lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró. Òmìnira ọ̀fẹ́ gbáà. Ṣùgbọ́n 1825 ló tó ṣèrìbọmi, lẹ́yìn tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tó sì gbà á. Nígbà tó dé Abẹ́òkúta wa yìí ní 1846, ó tún rí ìyá tó bí i. Ọmọ ti di àlùfáà, ìyá ṣì wà nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Àjàyí ò fi tipá wọ́ ìyá ẹ̀ lọ síbi omi. 1848 ni ìyá náà ṣèrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ìyá arúgbó dáhùn, ọkùnrin tó lágbára láti fi ọ̀kadà gba àjọ kiri ló wá ní òun ò lè dáhùn.

Ẹ ní Éfésù 2 pè wá ní òkú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ka Lúùkù 15:24 náà. Bàbá yẹn pe ọmọ ẹ̀ ní òkú, ṣùgbọ́n òkú yẹn ronú láàárín ẹlẹ́dẹ̀, ó dìde, ó tún ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ tò, ó fẹsẹ̀ rìn délé. Kéènì ńkọ́? Ọmọ tí Ádámù bí sínú ẹ̀ṣẹ̀ ni. Síbẹ̀, ní Jẹ́nẹ́sísì 4:7, Ọlọ́run sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, kó borí ẹ̀. Ṣé Ọlọ́run ń fi Kéènì ṣẹ̀sín ni?

A ò sọ pé èèyàn lè dá wá. Jòhánù 6:44 ní àfi tí Baba bá fà á. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ ka orí 12 ẹsẹ 32, ẹ ka Títù 2:11. Fífà náà ti bẹ̀rẹ̀. John Wesley kọ odindi ìwé ní 1757 láti gbèjà ẹ̀kọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí, Wesley yìí kan náà ló kọ́ni pé oore-ọ̀fẹ́ ti ń ṣáájú olúkúlùkù kí ó tó mọ̀ rárá. Ọmọ ìjọ ẹ̀, Freeman, gbé ìhìn rere dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1842. Arákùnrin, kí ló dé tí o fi ń gba ẹ̀yìnkùlé kí ìyá oníṣu má baà rí ọ? Ta ló fi ìtìjú yẹn sí ọ lára? Òkú kì í tijú.

Àwa pásítọ̀ náà jẹ̀bi. Kí ọkùnrin lu ìyàwó ẹ̀, a ní ègún ìdílé ni. Kí ọmọ jí fóònù, a ní ìpìlẹ̀ ilé bàbá ẹ̀ ni, ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ká ta òróró sí i lórí. A gbà pé ìdè wà, àwa náà ń ṣe ìtúsílẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn la sọ fún pé kó lọ dá fóònù padà? Ìsíkíẹ́lì 18 wà nínú Bíbélì wa. Àwọn èèyàn ń pòwe pé bàbá ló jẹ èso kíkan tí eyín ọmọ fi kan, Ọlọ́run búra pé wọn ò ní pa òwe yẹn mọ́. Àwa la tún lọ hú u jáde. Kódà àwọn bàbá wa tí ò tíì gbọ́ nípa Jésù, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ orí, àkúnlẹ̀yàn ni wọ́n pè é. A ò gba ẹ̀kọ́ yẹn o, ṣùgbọ́n àwọn náà ò yọ ọwọ́ èèyàn kúrò níbẹ̀.

Àti ẹ̀yin tí ẹ lọ sọ fún ìyá tí ọmọ ẹ̀ kú kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ pé ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ti gbé ọmọ náà lọ sí ọ̀run àpáàdì: ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ Bíbélì wo lẹ ti rí i? Ìsíkíẹ́lì yẹn kan náà ní ọmọ ò ní ru ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ẹ̀. Ẹ ti fi gègé fọ́ ojú egbò.

Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ tó ní kì í ṣe òun, Ádámù náà ni. Ó ní obìnrin tí Ọlọ́run fún òun ni. Àwáwí yẹn gan-an logún ẹ̀ tó hàn jù lára wa.

Arákùnrin, a mọ̀ pé wàá ka èyí. Inú wa ò bàjẹ́ sí ọ débi ká lé ọ. Ọjọ́bọ̀ lo dá fún wa, aago márùn-ún, ìyá oníṣu náà á wà níbẹ̀. Fi fóònù sílé. Ìwé àjọ ni kó o mú wá.