Bọ̀rọ̀kìnní Àṣejù

Àwọn ayánilówó orí fóònù kan ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ jí mi láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní kí n kìlọ̀ fún ojúlùmọ̀ mi kan kó wá san owó wọn, pé gbájúẹ̀ ni. N kò ṣe onídùúró fún un o! Nọ́ńbà mi tó wà lórí fóònù rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi. Lóṣù tó kọjá tí wọ́n ń ṣe òkú ìyá rẹ̀, léèsì aláwọ̀ ewé la fi ṣe aṣọ ẹbí, owó ń fò lé olórin lórí, olórin ń pè é ní ọba owó.

Bọ̀rọ̀kìnní àṣejù, oko olówó ní í múni lọ. Kí ló kù tí a fẹ́ túmọ̀ níbẹ̀? Ẹni tó ń ṣe ju agbára rẹ̀ lọ yóò jẹ gbèsè. Oko gidi sì ni oko ọ̀hún láyé àtijọ́: ìwọ̀fà ni onígbèsè ń lọ ṣe níbẹ̀. Ebè tó ń kọ, èlé lásán ni. Ojú owó wà bó ṣe wà. Síbẹ̀, ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, bó bá sì rí owó san, ó bọ́ nìyẹn. Ti orí fóònù burú jù ú: èlé ń gorí èlé, wọ́n tún ń ròyìn ẹni fún aláta tó ń tajà fún ìyàwó ẹni.

Àwọn kan ní bí kò bá sí òde, kí ni télọ̀ àti alásè yóò jẹ? Kí wọ́n lọ jẹ ẹ́ lára ẹni tó ní in.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n náírà lóde ijó sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn ₦50,000, ó kéré tán. Lọ́dún 2024, ilé ẹjọ́ ní Èkó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀. Ẹni tó fọ́n ọn ni wọ́n rí mú. Àwọn tó tì í ńkọ́? Ojúlùmọ̀ mi yìí kì í ṣe ọ̀gá, owó oṣù ló ń gbà, ìdílé rẹ̀ sì mọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní màlúù kan yóò dójú ti àwọn, àfi méjì. Nígbà tí ó wá ẹ̀dáwó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní ọjà kò tà. Ní báyìí, wọn kì í gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Bí ayánilówó bá ń wá ibi tí yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí, nọ́ńbà wọn ń bẹ lọ́wọ́ mi.