Táyà Eléyín Kọ́ Ni Ti Ọ̀nà Ọlọ́dà

Láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Ṣómólú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń ronú àtira kẹ̀kẹ́ ológeere tí a ó máa gùn láti Onípánù gba Bàrígà lọ sí Akoka. Tòkunbọ̀ tí táyà rẹ̀ nípọn, tó léyín gbàgàdà, ló sì máa ń wọ̀ wá lójú. Àṣìṣe ni.

Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ni eyín táyà wà fún. Lórí ọ̀dà, orí eyín nìkan ló ń kan ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ á máa kùn, itan á máa ro ni. Gbogbo ara táyà tó dán ló ń di ọ̀nà mú, kódà bí ilẹ̀ bá tutù.

Àwọn tó ń gun ẹ̀rọ orí yìnyín ní Kánádà náà mọ̀ ọ́n: bẹ́líìtì gígùn wà fún yìnyín tó jinlẹ̀, kúkúrú sì tó fún èyí tó ti le, tó tẹ́jú.

Àmọ́ nítorí kòtò, ẹ má ra tín-ín-rín ti eléré ìje. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ ìnṣì 26, táyà dídán tó fẹ̀ tó ìnṣì 1.75 dára. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.